Ọba Múhámmádù Lámúyẹ: Olúwòó tó sọ àtìpó di ọmọ onílùú

Ọdún 1906 ni Ọba Múhámmádù Lámúyẹ wàjà, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè to àwọn Olúwòó ti Ìwó lẹ́sẹẹsẹ tí orúkọ rẹ̀ kò ní yọ láàrin wọn. Òun ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó jọba nílùú náà, ó sì lò ju ogójì ọdún lọ lórí oyè.

Kó tó jọba ni ogun ti sọ Ìwó di ìlú ńlá. Ní nǹkan bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́ Ilé tú nítorí ìyọnu àwọn Fúlàní Ìlọrin. Àwọn ará ilẹ̀ ọ̀dàn bá kó ẹrù, wọ́n gba ìsàlẹ̀ lọ, níbi tí igbó ti lè dáàbò bò wọ́n. Àwọn kan yà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mìíràn sí Ẹdẹ, ọ̀pọ̀ sì forí lé Ìwó Olódò Ọbà. Nígbà tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Amẹ́ríkà nì, Thomas Bowen, rin ilẹ̀ Yorùbá já láàrin ọdún 1850 sí 1856, ó fojú díwọ̀n èrò Ìwó sí 20,000.

Ìlú tó kún fún onírúurú èèyàn báyìí ni Lámúyẹ bá. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe kékeré: bí àtìpó bá pọ̀ tí kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́ onílé, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó sá wá ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ló fi ṣe okùn. Ó fa àwọn ààfáà mọ́ra, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa fi òfin Ṣẹ̀ríà dájọ́. Ilẹ̀ Ìwó sì fẹ̀ tó láti gba àgbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí oko dá kì í pẹ́ di ará ilé.

Ogun Kírìjì parí ní 1893, ọ̀nà là, ṣùgbọ́n Ìwó kò tú. Nígbà ìkànìyàn 1952, èrò ìlú náà ti tó 100,000. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní 190,000 ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó.

Lónìí, Ìbàdàn àti Èkó ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìwó ń ṣí lọ. Èèyàn ni Lámúyẹ kà sí ọrọ̀ ìlú. Ìwà rẹ̀ yìí ló yẹ káwọn tó ń ṣàkóso lónìí wò kọ́ṣe.