Wilbur Mills: Ẹni Tó So Ètò Ìlera Arúgbó àti Ti Aláìní Pọ̀ Sínú Òfin Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti dàgbà sí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lè ti ṣàkíyèsí pé káàdì ìlera méjì ni àgbàlagbà kan lè máa mú lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀kan ń jẹ́ Medicare, ti ẹni tó ti pé ọdún 65 àti ti àwọn akàndá ẹ̀dá kan. Èkejì ń jẹ́ Medicaid, ti ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Àwọn tó ní méjèèjì pọ̀ lé ní mílíọ̀nù 12. Ọkùnrin kan ló kó ètò méjèèjì wọlé sínú òfin lọ́jọ́ kan náà. Ìtàn rẹ̀ la gbé wá fún yín lónìí, nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ti ń gbé ètò adójútòfò ìlera kalẹ̀ fún mẹ̀kúnnù.

Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1909 ni wọ́n bí Wilbur Daigh Mills sí Kensett, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àti báńkì níbẹ̀, nítorí náà ìyà kò jẹ ọmọ náà, ṣùgbọ́n àárín àwọn àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ ló gbé dàgbà. Ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Hendrix, ó sì kọ́ ìmọ̀ òfin ní Harvard. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì bàbá rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dìbò yàn án ní adájọ́ White County, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 25. Adájọ́ ni wọ́n ń pe ipò náà lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló jọ jù lọ.

Àkókò náà le koko. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dojú dé, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò sì rí owó oògùn san. Mills bá àwọn dókítà agbègbè rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa tọ́jú aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, ó bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín owó ibùsùn kù, ìjọba ìbílẹ̀ sì ya owó sọ́tọ̀ fún oògùn. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ohun tó ṣe lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún wà.

Ní ọdún 1939 ló wọ Ilé Aṣojúṣòfin ní Washington lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat. Ní ọdún 1958 ó di alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó orí. Kò sí àbádòfin owó orí tó lè jáde láìgba ọwọ́ ìgbìmọ̀ yìí kọjá. Mills fúnra rẹ̀ kì í sì í gbé àbádòfin síwájú ilé àyàfi tó bá ti ka ìbò rẹ̀ pé.

Ní ọdún 1960, òun àti Sẹ́nétọ̀ Robert Kerr láti Oklahoma ṣe òfin kan tó fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó láti tọ́jú arúgbó tí kò ní. Òfin náà kò mú ibi púpọ̀ dé. Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú owó tirẹ̀ wá kí ìjọba àpapọ̀ tó fi kún un, nítorí náà àwọn ìpínlẹ̀ olówó ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ibi tí aláìní pọ̀ sí jù ni owó náà kò dé.

Ààrẹ Kennedy àti Ààrẹ Johnson fẹ́ ètò kan tí gbogbo àgbàlagbà yóò jẹ nínú rẹ̀, láti inú owó tí òṣìṣẹ́ ń dá sínú àpò ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Mills fi dènà rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé owó ilé ìwòsàn yóò jẹ àpò ìfẹ̀yìntì run. Àwọn alátakò rẹ̀ pè é ní ìdìgbòlù. A kò rò pé ẹ̀rù náà jẹ́ ẹ̀rù lásán, nítorí ohun tí ìtọ́jú ń ná ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà pọ̀ gan-an.

Nígbà tí Johnson borí pátápátá nínú ìdìbò ọdún 1964, Mills rí i pé ìbò ti pé. Ní oṣù kẹta ọdún 1965, àbá mẹ́ta ló wà níwájú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ti ìjọba Johnson ni pé kí owó òṣìṣẹ́ máa san owó ilé ìwòsàn àgbàlagbà. Ti John Byrnes, ọmọ ẹgbẹ́ Republican láti Wisconsin, ni pé kí àgbàlagbà tó bá wù máa dá owó díẹ̀ lóṣooṣù, kí ìjọba fi kún un, kí wọ́n fi san owó dókítà. Ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ni pé kí wọ́n gbé owó fún àwọn ìpínlẹ̀ láti ran aláìní nìkan lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn rò pé ọ̀kan ni yóò borí méjì yòókù. Mills ya gbogbo wọn lẹ́nu: ó ní kí wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wilbur Cohen, òṣìṣẹ́ àgbà ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba, tó wà ní ìjókòó ọjọ́ náà, ló gba àṣẹ láti lọ kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Èkíní àti èkejì di Medicare, ẹ̀kẹta di Medicaid. Ilé Aṣojúṣòfin fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbò 313 sí 115. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1965, Johnson fọwọ́ sí òfin náà ní Independence, ìlú Ààrẹ àná Truman ní Missouri, Truman sì gba káàdì àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe di ọ̀kan, ọwọ́ tó ń náwó kò di ọ̀kan. Ìjọba àpapọ̀ ló ń darí Medicare, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń darí Medicaid, ìlànà wọn sì yàtọ̀. Ẹ wo ìyá arúgbó kan tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Bí ó bá ṣubú tí egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́, Medicare ló máa kọ́kọ́ sanwó ilé ìwòsàn, Medicaid á san èyí tó kù. Bí ó bá di pé kó máa gbé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìnáwó náà bọ́ sọ́rùn Medicaid. Bí ìpínlẹ̀ bá náwó láti tọ́jú rẹ̀ dáadáa kó má baà padà sí ilé ìwòsàn, Medicare ló jèrè rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ta wá ni yóò fẹ́ náwó náà? Ìyá náà ló máa ń rìn láàárín méjèèjì.

Ní ọdún 1972, nígbà tí Mills ṣì jẹ́ alága, wọ́n fi àwọn akàndá ẹ̀dá tó ti gba owó ìrànwọ́ fún ọdún méjì kún Medicare. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláìní, àwọn oníkáàdì méjì sì tún pọ̀ sí i.

Ọdún 1974 ló bọ́ lórí àga. Ọtí ti mú un lẹ́rú. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ dúró ní Washington, obìnrin oníjó kan tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì bẹ́ sínú omi. Ìròyìn náà kárí ayé. Kó tó di òpin ọdún náà, ó ti fi ipò alága sílẹ̀. Kò díje mọ́ ní ọdún 1976. Ó gba ìtọ́jú, ó jáwọ́ nínú ọtí, ó sì lo ọdún tó kù láti máa ran àwọn ọ̀mùtí mìíràn lọ́wọ́. Ilé ìtọ́jú kan ní Searcy, nítòsí ìlú rẹ̀, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 1992, ní ẹni ọdún 82.

Iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ní San Francisco, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ On Lok ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí ara wọn kò le mọ́. Nígbà tó yá, owó Medicare àti ti Medicaid wọ inú àpò kan ṣoṣo níbẹ̀. Dókítà, oúnjẹ, ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ bọ̀, àpò kan náà ló ń san gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1997, òfin fi àyè gba irú ètò bẹ́ẹ̀ títí lọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Òfin ọdún 2010 sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó mú Medicare àti Medicaid bára mu. Síbẹ̀, káàdì méjì ni púpọ̀ nínú àwọn arúgbó náà ṣì ń mú jáde nílé.