Michael Faraday: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Rí Iná Nínú Yíyí

Ọmọ Rẹ́mọ ni mí. Láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, ariwo ẹ̀rọ kò ṣàjèjì sí wa: ẹ̀rọ ìlọta ń bẹ lọ́jà, ẹ̀rọ ńláńlá sì ń bẹ ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ṣágámù. Gbogbo wọn ni ó ń yí, gbogbo wọn ni ó ń gbọ̀n. Ẹni tí ó fi hàn wá pé a lè rí iná mànàmáná nínú irú yíyí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1791 ni a bí Michael Faraday létí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì le, nítorí náà ìṣẹ́ bá wọn gbélé. Ọmọ náà kò kọ́ ju ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ George Riebau. Ọdún 7 ni ó lò níbẹ̀. Bí ó ti ń di ìwé oníwèé ni ó ń kà á.

Ní ọdún 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy ní Royal Institution. Faraday kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í ní ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy. Ní ọdún 1813, Davy gbà á ṣe olùrànlọ́wọ́.

Ní ọdún 1820, Oersted ará Denmark fi hàn pé iná tí ń gba inú wáyà kọjá a máa yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Faraday wá rò ó pé ó yẹ kí òòfà náà lè bí iná. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1831, ó ti òòfà bọ inú wáyà wíwé: bí òòfà ti ń wọlé tí ó ń jáde, iná ń sáré nínú wáyà. Bí òòfà bá dúró jẹ́ẹ́, kò síná. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ó yí àwo bàbà láàrin òòfà ńlá, iná sì ń jáde láìdáwọ́dúró. Ibẹ̀ ni dínámò kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ Kainji ti ṣẹ̀ wá.

Lónìí, irinṣẹ́ kékeré wà tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ láti máa wọn ooru àti gbígbọ̀n rẹ̀, kí ó sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ láìsí wáyà. Ìṣòro rẹ̀ ni bátìrì tí ń kú. Àwọn onímọ̀ wá so òòfà mọ́ sípíríǹgì nínú wáyà wíwé: bí ẹ̀rọ bá ti ń gbọ̀n, òòfà ń jó, iná ń jáde. Kò tó tan gílóòbù ilé, ṣùgbọ́n ó tó irinṣẹ́ náà.

Faraday kọ oyè ọba, ó kọ ipò ààrẹ Royal Society. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1867.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí ó bá kan ilẹ̀kùn yunifásítì wa, ìwé ẹ̀rí wo ni yóò fi wọlé? Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ṣágámù a máa gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, a sì mọ àìsàn rẹ̀ láti inú bí ó ti ń gbọ̀n. Àwa mọ ìṣirò gbígbọ̀n náà lórí ìwé. Ọwọ́ ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n wọlé.