Dókítà Marie Nyswander: Aláìsàn ni ẹni tí oògùn di bárakú fún

Ẹ̀yin olùtọ́jú àti òṣìṣẹ́ ìlera,

Ní Kumasi níbí, kì í ṣe ohun àjèjì sí yín pé kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tàbí ẹni tí àìsàn sickle cell ń dà láàmú, pẹ́ lórí tramadol. Tramadol, codeine àti pethidine jẹ́ ìbátan mọ́fíìnì. Bí oògùn náà bá tán lójijì, imú aláìsàn yóò máa ṣomi, òógùn yóò bò ó, yóò máa yàgbẹ́ gbuuru, kò ní í rí oorun sùn, ìrora àtijọ́ yóò sì padà dé. Àwọn ará ilé a máa sọ pé ìwà ìpáǹle ni. Obìnrin oníṣègùn kan tí ó kú ní 1986 wà lára àwọn tí ó fi hàn pé àìsàn ni, àti pé ó ní ìtọ́jú. Ìtàn rẹ̀ nìyí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

A bí Marie Nyswander ní ìlú Reno, ní Amẹ́ríkà, ní 1919. Ìyá rẹ̀, Dorothy, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹ̀kọ́ ìlera ní orílẹ̀-èdè náà. Marie gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Cornell ní 1944. Iṣẹ́ abẹ ni ó wù ú láti ṣe láàárín àwọn ọmọ-ogun ojú omi, ṣùgbọ́n wọn kì í gba obìnrin sí iṣẹ́ náà nígbà náà. Ó bá wọ iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, níbi tí ìjọba ń kó àwọn tí mọ́fíìnì àti heroin di bárakú fún sí.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ó fara jọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọn a gba oògùn kúrò lọ́wọ́ aláìsàn, wọn a dá a dúró fún oṣù mélòó kan, wọn a sì dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ni ó padà sídìí oògùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn aláìsàn níbẹ̀ ba Marie nínú jẹ́.

Láti orí ọ̀rọ̀ sísọ dé orí oògùn

Ó di dókítà àrùn ọpọlọ ní New York. Ní 1956, ó tẹ ìwé kan jáde láti ṣàlàyé pé aláìsàn ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀daràn. Ó gba ìgboyà, nítorí pé lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1914, wọ́n ti fi àwọn dókítà kan sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n kọ oògùn fún wọn. Marie fi ìjíròrò tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀rọ̀ nìkan kò tó.

Dókítà Vincent Dole ka ìwé rẹ̀, ó sì pè é sí ilé ìwádìí Rockefeller. Ní 1964, wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn aláìsàn ní mọ́fíìnì. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ ń pọ̀ sí i. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń retí abẹ́rẹ́ tó kàn. Wọ́n wá fi methadone rọ́pò rẹ̀, ìyẹn oògùn apàrora tí àwọn ará Jámánì ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1930. Ìyípadà dé: ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán, ẹlòmíràn fẹ́ padà sílé ẹ̀kọ́. Ní 1965, àwọn méjèèjì tẹ ìròyìn jáde nípa aláìsàn 22. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fẹ́ ara wọn.

Àwọn alátakò ní oògùn kan ni wọ́n fi pààrọ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n a kì í bú alátọ̀gbẹ nítorí insulin. Ohun tí à ń wò ni bóyá ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa Marie. Ní 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi methadone àti buprenorphine sínú àkójọ àwọn oògùn tí kò ṣeé máà ní. Ní 2014, ìtọ́jú methadone bẹ̀rẹ̀ ní Dakar, ní Senegal.

Ohun tí ó kàn wá

• Ẹ má ṣe dá oògùn ìbátan mọ́fíìnì dúró lójijì, pàápàá fún aboyún. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

• Ìtọ́jú bárakú kò pa ìrora rẹ́. Methadone tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ń dènà ìnira àìrí-oògùn títí di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n nǹkan bíi wákàtí 4 sí 8 péré ni ó fi ń pa ìrora. Bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá fara pa tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ tọ́jú ìrora rẹ̀ lọ́tọ̀.

• Ẹ má ṣe fún un ní pentazocine. Ó lè mú ìnira náà dé lójú ẹsẹ̀.

• Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ọtí tàbí oògùn oorun kún un. Ẹni tí ó ti dá oògùn dúró tí ó sì padà sí ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ lè kú. Bí mímí bá fà sẹ́yìn, tí ẹ sì jí i tí kò jí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Abẹ́rẹ́ naloxone lè gbà á là. Tramadol àpọ̀jù tún lè fa gìrì.

• Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá bẹ̀bẹ̀ fún oògùn ìrora ni ó ti di bárakú fún. Ẹ gba ọ̀rọ̀ alárùn sickle cell gbọ́ bí ó bá ní ara ń ro òun.

Lábẹ́ Òfin 1019 tí Ghana ṣe ní 2020, owó ìtanràn ni ìjìyà ẹni tí wọ́n bá bá oògùn olóró ìlò ara rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n mọ́. Ẹ má ṣe fi í pamọ́ sínú yàrá nítorí ìtìjú. Ẹ mú un lọ bá dókítà, ìbáà ṣe ní Komfo Anokye tàbí ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí ó ń lò fún wọn láìfi ọ̀kankan pamọ́.