Dókítà John Bowlby (1907–1990): Agbẹnusọ fún Ọmọ tí Kò Tíì Lè Sọ̀rọ̀

Ní abala ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ńlá lọ́tẹ̀ yìí, òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì kan ni a mú wá. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ohun tó kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an ni. Ìbéèrè tí ọkùnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní ilẹ̀ yìí ti bá wọ̀yá ìjà: bí òbí bá gbé ọmọ kékeré fún ẹlòmíràn tọ́, kí ni ojú ọkàn ọmọ náà ń rí?

Ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1907 ni a bí John Bowlby ní Lọ́ńdọ̀nù. Baba rẹ̀, Sir Anthony Bowlby, jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ń tọ́jú agboolé ọba. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá rẹ̀ bí, òun sì ni ìkẹrin. Owó kò wọ́n wọn, ilé kò sì há. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọwọ́ àwọn alágbàtọ́ ni àwọn ọmọ wà. Bíi wákàtí kan péré lójúmọ́, lẹ́yìn tíì ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ń rí ìyá wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà láàrin àwọn alágbàtọ́ náà tí ń jẹ́ Minnie. Òun gan-an ni ọmọ náà mọ̀ bí ìyá. Nígbà tí John fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, Minnie fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí Bowlby fi di àgbàlagbà, ó ka ìlọ yẹn sí àdánù tó súnmọ́ ikú ìyá.

Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1914, baba wọn lọ sójú ogun. Nígbà tó yá, wọ́n fi John àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ilé-ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Kò gbádùn ibẹ̀ rárá. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ológun ojú omi ní Dartmouth, ó kúrò níbẹ̀, ó sì wọ Yunifásítì Cambridge ní 1925 láti kọ́ ìpìlẹ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá.

Nígbà tó jáde ní 1928, kò tètè tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ dókítà. Ó lọ ṣe olùkọ́ fún oṣù díẹ̀ ní ilé-ìwé àwọn ọmọ tí ìwà wọn ti di wàhálà fún òbí. Níbẹ̀ ló ti pàdé ọmọkùnrin kan tí wọ́n lé kúrò ní ilé-ìwé rẹ̀ nítorí olè jíjà. Ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́, kò sì ní ìyá kan pàtó tó tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ kékeré mìíràn sì wà níbẹ̀ tí kì í kúrò lẹ́yìn Bowlby, bí òjìji ni. Àwọn ọmọ méjì yìí ló pinnu ọ̀nà tó tọ̀.

Ó gba oyè dókítà ní 1933. Ní 1936 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé kan ní Canonbury, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ ìwòsàn ọkàn nígbà náà gbà pé inú ìrònú ọmọ fúnra rẹ̀ ni ìyọnu ti ń wá, pé kò pọn dandan kí a wádìí ilé tó ti wá. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó wà ní Canonbury kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, wọ́n ń béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá pàápàá nígbà èwe rẹ̀. Bowlby kò tijú láti sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ni òun ti kọ́ iṣẹ́.

Láti inú iṣẹ́ yìí ló ti gbé ìwádìí kan jáde ní 1944. Ó mú ọmọ 44 tó ń jalè, ó sì fi wọ́n wé ọmọ 44 mìíràn tí wọ́n wá sí ilé ìtọ́jú náà ṣùgbọ́n tí wọn kì í jalè. Nínú àwọn olè náà, 14 ni kò ní ìfẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Nínú àwọn 14 yìí, 12 ni wọ́n ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Nínú 30 olè yòókù, 5 péré ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Nínú àwọn 44 tí kì í jalè, 2 péré ni.

Kí ìwádìí náà tó jáde ló ti ń kígbe. Nígbà tí ìjọba ń kó àwọn ọmọdé kúrò ní ìlú ńlá nítorí bọ́ǹbù ní 1939, òun àti dókítà méjì mìíràn kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà pé ewu wà nínú yíya ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kúrò lára ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ní 1946, ó di ọ̀gá ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Tavistock Clinic ní Lọ́ńdọ̀nù. James Robertson, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1948. Iṣẹ́ Robertson ni kó máa wo àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwòsàn. Nígbà náà, ilé ìwòsàn mìíràn kì í gba òbí láyè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, òmíràn kì í tilẹ̀ gbà wọ́n láyè rárá. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ọmọ máa ń sunkún ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á balẹ̀. Robertson rí i pé kì í ṣe ìbàlẹ̀ ara. Ọmọ á kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà á sọ ìrètí nù. Níkẹyìn á ṣe bí ẹni tí kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ó ya fíìmù ọmọ ọdún méjì kan tó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn, ó sì fi han àwọn dókítà ní 1952. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 1959, ìgbìmọ̀ ìjọba dámọ̀ràn pé kí òbí máa wọlé tọ ọmọ nígbàkúùgbà, kí ìyá sì lè sùn ti ọmọ kékeré. Ẹni tó bá ti sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ yìí, iṣẹ́ wọn ló jẹ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí Bowlby wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìnílé. Ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1951, èyí tó kọ fún gbogbo ènìyàn sì jáde ní 1953. Ó ní ọmọ nílò ìfẹ́ ẹnì kan tó dúró tì í, ìyá tàbí ẹni tó dípò ìyá pátápátá, bó ti nílò oúnjẹ.

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ di sísọ: ó ṣe àṣejù níbì kan. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wádìí àwọn ọmọ tó ti pẹ́ ní ilé ìwòsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bàjẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1956 pé ọ̀rọ̀ ìṣáájú ti le jù. Ọ̀pọ̀ obìnrin sì bínú pé wọ́n ń fi ìwé rẹ̀ dá ìyá tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bi. Ní 1972, Michael Rutter fi hàn pé ọmọ lè so mọ́ ju ẹnì kan lọ, àti pé ìjà inú ilé lè pa ọmọ lára ju ìyapa lọ. Àwa Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́: ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.

Ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rí tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ múlẹ̀. Mary Ainsworth, tó ti bá a ṣiṣẹ́ ní Tavistock, lọ sí Uganda ní 1954. Ó ń wọ ilé ìdílé 26 nítòsí Kampala, ó ń wo ìyá àti ọmọ ọwọ́. Ó rí i pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló máa ń kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá lọ ṣeré, á bojú wẹ̀yìn, á sì sáré padà bí ẹ̀rù bá bà á. Ọmọ tó mọ̀ pé ìyá wà níbẹ̀ ló ń láyà láti rìn jìnnà. Bowlby fi èyí kún ìwé ńlá mẹ́ta tó kọ ní 1969, 1973 àti 1980.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Láti àwọn ọdún 1950 ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wá kàwé níbí ti ń fi ọmọ fún ìdílé òyìnbó tọ́, ní Kent, Sussex àti àwọn ibòmíràn. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó. Kì í ṣe àìfẹ́ràn ọmọ. Bàbá ń kàwé, ìyá ń ṣiṣẹ́ òru, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, onílé kò sì fẹ́ ọmọdé. Nílé, kò sí ìtìjú nínú kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà wà láàrin èdè àti oríkì rẹ̀. Nígbà tí òbí bá padà lọ mú èyí tó wà ní Kent lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, márùn-ún, ìyá á na apá, ọmọ á sá sẹ́yìn aṣọ òyìnbó tó ń pè ní mọ́mì. Ìyá á ní wọ́n ti gba ọmọ òun. Ọmọ á ní wọ́n ń jí òun gbé lọ. Kò sí ẹni tó burú láàrin wọn. Àwọn kan lára ọmọ wọ̀nyẹn ti di òbí báyìí, wọ́n wà láàrin wa.

Bí ọ̀ràn bá tún di kàn-án-ńpá fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ọgbọ́n. Kí a má ṣe yọ́ lọ mọ́ ọmọ lójú. Kí a dágbére fún un. Kí a máa lọ wò ó déédéé. Bó bá sunkún, kì í ṣe àṣejù. Bó bá dákẹ́, kí a má ṣe rò pé ó ti gbàgbé. Òfin àwọn ọmọdé ti 1989 sì ní bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá gbé ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ tó súnmọ́ ọn, kí a fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Bowlby fẹ̀yìn tì ní 1972, ṣùgbọ́n kò gbé kálámù sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1990 ní erékùṣù Skye ní Skọ́tílándì, níbi tó fẹ́ràn láti máa lọ sinmi, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ọmọ mẹ́rin ni òun àti ìyàwó rẹ̀ Ursula bí.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì kó àwọn tó wà lọ́nà jíjìn padà sọ́dọ̀ wa ní àlàáfíà. Àṣẹ.