I. B. Thomas àti Lẹ́tà Sẹ̀gilọlá

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò mọ sí ilé ẹjọ́ nìkan. Ó kan ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn pẹ̀lú. Ìgbésí ayé Isaac Babalọlá Thomas kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1888 ni wọ́n bí Thomas. Ní 1928 ó dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀, òun náà sì ni olóòtú rẹ̀. Oníwèé ìròyìn ti pọ̀ l'Ékòó nígbà náà: Èkó Akéte ti wà láti 1922, Elétí Ọfẹ láti 1923. Ẹni tó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ ní ohun tí ará ìlú yóò máa retí.

Ní oṣù keje 1929, lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó. Arẹwà ni nígbà èwe rẹ̀, ọkùnrin kò sì lóǹkà lọ́wọ́ rẹ̀. Àìsàn àti ìṣẹ́ ló wá kù fún un. Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Títí di oṣù kẹta 1930 ni lẹ́tà náà ń wá. Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀.

Kí ló mú kí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́? Àdúgbò àti orin tí ará Èkó mọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó fi orúkọ gidi pamọ́, bí ẹni tí ojú ń tì. Inú ìwé kan náà tí ìròyìn òtítọ́ wà ni ó jókòó sí. Nígbà tí àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀, tí ó sì tẹ lẹ́tà wọn jáde, àwọn náà di ẹlẹ́rìí láìmọ̀.

Ní 1930 ó di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí ló kà á sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ṣáájú ìwé Fágúnwà ti 1938. Thomas kú ní 1963.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a jẹ Thomas lọ́pẹ́ fún ẹ̀bùn ńlá yìí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó sọ àròsọ di òtítọ́ lè ba aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà, bí a bá ka ìròyìn, kí a bèèrè ẹni tó kọ ọ́, ẹni tí yóò jèrè rẹ̀, àti ẹlẹ́rìí tó ní lẹ́yìn ara rẹ̀.