Leonhard Euler àti Ìbéèrè Tó Fi Sílẹ̀

Wọ́n bí Leonhard Euler ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1707, ní ìlú Basel ní Switzerland. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun náà di pásítọ̀. Ṣùgbọ́n Johann Bernoulli, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Yunifásítì Basel, rí ẹ̀bùn tó wà lára ọmọ náà, ó sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá gbà. Ní 1727, Euler lọ ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà.

Nígbà tó wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Christian Goldbach kọ lẹ́tà sí i nípa ohun tí Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti sọ ní ọ̀rúndún tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín wọn dọ́gba àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní nọ́ńbà àìṣeépín. Fermat bẹ̀rẹ̀ láti orí 2, ó fi 1 kún un, ó rí 3. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. Ó fi 1 kún un, ó rí 5. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Ó fi 1 kún un, ó rí 17. Bó ṣe ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ ló rí 257 àti 65537. Nọ́ńbà àìṣeépín ni gbogbo wọn. Fermat gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí láé. Ní 1732, Euler fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé wọn ni 4294967297, 641 sì pín in dọ́gba. Àpẹẹrẹ márùn-ún kò tó ẹ̀rí.

Ní nǹkan bí 1738, ojú ọ̀tún Euler fọ́. Síbẹ̀ kò dẹwọ́ iṣẹ́. Ní 1741 ó kó lọ sí Berlin. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun mìíràn: tí a bá mú nọ́ńbà kan, mélòó nínú àwọn tó kéré sí i ni kò ní ohun tó lè pín òun àti nọ́ńbà náà pọ̀, yàtọ̀ sí 1? Fún 10, àwọn ni 1, 3, 7 àti 9. Iye wọn jẹ́ 4. Iṣẹ́ náà jáde ní 1763. Ní 1801, Carl Friedrich Gauss fi lẹ́tà Gíríìkì kan, φ, sọ iye yìí lórúkọ.

Fún 17, gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 16 ló wọlé, nítorí pé 17 kò ṣe é pín. Tí ẹ bá ní ọmọ ayò 16, ẹ lè tò wọ́n sí ìlà mẹ́rin, mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kó di onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni 257: iye tirẹ̀ jẹ́ 256, ìyẹn 16 lọ́nà 16, iye kan náà pẹ̀lú odù Ifá. Ṣùgbọ́n 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Tí a bá fi 1 kún un, ó di 26, 2 sì pín in. Euler ṣe àkójọ púpọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà àìṣeépín irú 5, 17, 37, 101 àti 257. Ṣé wọ́n lópin? Kò rí ẹ̀rí.

Ní 1766 ó padà sí St. Petersburg. Láìpẹ́, ojú kejì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ní 1771, iná jó ilé rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde láàyè. Ó ń ṣírò lọ́kàn, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1783, ní ẹni ọdún 76.

Ní 1912, Edmund Landau, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ka ìbéèrè yẹn mọ́ mẹ́rin tí apá kò ká. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó dáhùn rẹ̀. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Malton, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Toronto, lè fi bírò wá díẹ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà. Kọ̀ǹpútà ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, àpẹẹrẹ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹ̀rí.