AX 201: Lẹ́tà méjì lára mọ́tò tó ń tọ́ka sílé bàbá Charles Rolls

Mọ́tò aláwọ̀ fàdákà kan wà tí wọ́n ṣe ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1907. AX 201 ni nọ́ńbà ara rẹ̀, Silver Ghost sì ni wọ́n sọ ọ́. Òun ló gbé orúkọ Rolls-Royce dé etí ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ nọ́ńbà àtijọ́ kà yóò kọ́kọ́ wo AX yẹn. Kì í ṣe lẹ́tà London tí wọ́n ti ń ta mọ́tò náà, kì í sì í ṣe ti Manchester tí wọ́n ti ṣe é. Monmouthshire ló ni AX. Ibẹ̀ náà sì ni ilé bàbá Charles Stewart Rolls wà.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1904 ni òfin nọ́ńbà mọ́tò bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtìkó. Kánsù kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà tirẹ̀, bí KJA ṣe ń jẹ́ ká mọ̀ lónìí pé Ìkẹjà ni mọ́tò ti gba nọ́ńbà. Akọ̀wé kánsù á kọ orúkọ olówó mọ́tò àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé ńlá, á kọ irú mọ́tò náà, àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe wúwo tó. Láti 1921, mọ́tò kọ̀ọ̀kan tún ní ìwé kékeré tó ń bá a kiri, tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá rà á sí abẹ́ orúkọ ẹni tó tà á. Ó ṣeni láàánú pé nígbà tí wọ́n kó iṣẹ́ yìí lọ sí Swansea láàárín ọdún 1970 sí 1980, ọ̀pọ̀ kánsù da ìwé ńlá wọn nù. Bí ìwé kánsù ò bá sí mọ́, lẹ́tà nọ́ńbà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ṣaásì ló kù tí wọ́n á fi wá ìtàn mọ́tò. Ti Silver Ghost ni 60551.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, ọdún 1877 ni wọ́n bí Rolls ní London. Ọmọkùnrin kẹta ni, bàbá rẹ̀ Lọ́ọ̀dù Llangattock sì lówó gan-an. Ó lọ sí Eton, ó lọ sí Cambridge, àmọ́ ọmọ olówó yìí ò kọ ọwọ́ dúdú. Gírísì tó máa ń wà lára rẹ̀ yìí ni wọ́n fi fún un ní orúkọ ìnagijẹ. Lọ́dún 1896, nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó lọ sí Paris lọ ra Peugeot. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fagi lé òfin tó ní mọ́tò ò gbọdọ̀ sáré ju máìlì mẹ́rin lọ láàárín wákàtí kan, àti pé kí ẹnì kan máa fẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀!

Lọ́dún 1902, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́tò ní London. Mọ́tò Faransé ló ń tà níbẹ̀ jù, ìyẹn sì ń dùn ún, torí ó wù ú kó rí mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì tó lè bá wọn díje. Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 1904 ló pàdé Henry Royce ní hòtẹ́ẹ̀lì Midland ní Manchester. Èèyàn méjì wọ̀nyí ò jọra rárá. Ọmọ ọlọ́lọ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ni Royce, ó ti ta ìwé ìròyìn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n bí Rolls ṣe gun mọ́tò kékeré tí Royce ṣe báyìí, ọ̀rọ̀ parí: gbogbo èyí tí Royce bá lè ṣe lòun á máa tà. Ọ̀kan nínú àwọn ti ìgbà yẹn ṣì wà, U 44 ni nọ́ńbà rẹ̀, U sì ni lẹ́tà Leeds. Lọ́dún 2007, wọ́n lù ú ní gbànjo ní London ní iye tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ pọ́n-ùn lọ.

Wọ́n dá ilé iṣẹ́ Rolls-Royce sílẹ̀ lọ́dún 1906. Rolls fúnra rẹ̀ gun mọ́tò wọn nínú ìdíje Tourist Trophy lọ́dún náà, ó sì gbégbá orókè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Claude Johnson tó ń bá wọn darí ilé iṣẹ́ náà ní kí wọ́n kun AX 201 ní àwọ̀ fàdákà. Wọ́n gùn ún láàárín London àti Glasgow lálọ-lábọ̀ tó fi rin máìlì 14,371 láì dẹnu kọlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Bí mọ́tò ṣe ń gbókìkí, ọkàn Rolls ti wà lójú ọ̀run. Ó ti ń gun bàlúùnù tipẹ́, nígbà tó sì bá Wilbur Wright fò nílẹ̀ Faransé ní 1908, mọ́tò ò jọ ọ́ lójú mọ́. Ó ní kí ilé iṣẹ́ máa ṣe bàálù, wọn ò gbà. Ó ra tirẹ̀, nígbà tó sì di 1910, ó fi ipò rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó fò láti Dover dé Faransé, ó sì padà láì fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí.

Ogójì ọjọ́ péré ló lò sí i láyé. Lọ́jọ́ kejìlá, oṣù Keje, ìrù bàálù rẹ̀ kán níbi ìdíje kan ní Bournemouth, ó já lulẹ̀, Rolls sì kú. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Kò níyàwó, kò bímọ. Bàbá rẹ̀ kú ní 1912, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì kú ní 1916, èyí àgbà látàrí ọgbẹ́ ojú ogun. Oyè Llangattock parí síbẹ̀.

Mọ́tò náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì nígbà yẹn. Ọ̀gbẹ́ni Dan Hanbury ló rà á ní 1908, ogójì ọdún ló sì fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó padà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ní 1948. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì dá a padà sí àwọ̀ fàdákà. Ẹnikẹ́ni ò yọ AX 201 kúrò lára rẹ̀.